Modulator: ilé iṣẹ́ rédíò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń rìn lójú títì wa, rédíò inú wọn kò mọ Bluetooth rí. Wọn ò ní ihò fláàṣì, ibi tí wọ́n ń ki síídì sí ti dẹnu kọlẹ̀, FM nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń dún. Ojú FM tó ṣẹ́ kù yìí ni modulator ń gbà wọlé.

Òun ni nǹkan kékeré tí wọ́n ń ki bọ ihò tí wọ́n ṣe fún ìtanná sìgá, níbi tí iná fóltì 12 ti ń jáde látinú bátìrì ọkọ̀. Àwọn tó ń tà á nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á ní, "Ẹ ṣáà ki í síbẹ̀, orin á máa dún." Irọ́ kọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó ra modulator ti ra ilé iṣẹ́ rédíò, ibi tó bá sì tẹ̀dó sí lójú FM ló máa pinnu bóyá orin ni yóò gbọ́ tàbí ariwo.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Modulator á gba orin látorí fóònù yín nípasẹ̀ Bluetooth, tàbí kó kà á látinú fláàṣì. Á gbé orin náà lé ìgbì rédíò, á sì máa tú u sáfẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ lórí nọ́ńbà tí ẹ bá yàn, ká ní 88.1. Ẹ̀yin náà á wá yí rédíò ọkọ̀ sí 88.1. Bí rédíò yẹn ṣe ń gba Splash FM lórí 105.5 n'Íbàdàn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa gba tiyín. Kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òun níbí ni orin ti ń wá.

Agbára ni wọ́n fi jura lọ. Ilé iṣẹ́ rédíò ńlá lè máa fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ò gbà kí modulator kọjá 50 nanowatt, ìyẹn ni pé ká pín wáàtì kan ṣoṣo sí ọ̀nà ogún mílíọ̀nù, ká mú ọ̀kan níbẹ̀. Kódà, kó tó di oṣù Kejìlá ọdún 2006, ẹni tó bá lò ó lọ́hùn-ún ti rú òfin, torí lójú ìjọba, ó ń ṣe rédíò láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà fi ààlà sí agbára rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ má baà rìn ju nǹkan bí igba ẹsẹ̀ bàtà lọ.

Báwo wá ni kékeré yìí ṣe ń borí ilé iṣẹ́ ńlá? Ó sún mọ́ rédíò yín ni. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan, FM gan-an sì nìyẹn: bí ohùn méjì bá pàdé lórí nọ́ńbà kan, èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ rédíò pẹ̀lú agbára jù ni rédíò máa ń gbà, á pa èkejì lẹ́nu mọ́. Ìjà máa ń wà nígbà tí agbára méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Rédíò á mú èyí, á jù ú sílẹ̀, á mú tọ̀hún, ariwo ṣìììì á sì gba àárín wọn kọjá.

Ẹni tó ń ti Èkó lọ Ìbàdàn ló máa ń rí i jù. Ká ní 105.5 lẹ fi sí kẹ́ ẹ tó gbéra, tí fújì yín sì ń dún ketekete títí ẹ fi kọjá Ṣágámù. Lẹ́yìn Ògèrè, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lábẹ́ ìlù. Kẹ́ ẹ tó dé Gúrú Máhárájì, àríyànjiyàn òṣèlú ti gba ojú agbo lọ́wọ́ onífújì. Kò sí ohun tó ṣe modulator yín. Ẹ ti wọ agbègbè ẹni tó ni 105.5 ni.

Nítorí náà, ẹ má kàn fi í sórí nọ́ńbà tó bá wá láti ọjà. Ẹ yọ modulator ná, kẹ́ ẹ máa yí rédíò díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tó ń hó ṣìììì láìsí ohùn ẹnikẹ́ni, tí apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ náà sì ṣófo. Ilé iṣẹ́ kan kì í dúró sórí nọ́ńbà rẹ̀ géérégé, ó máa ń tàn dé ẹ̀gbẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fẹ́ kí àyè tó tó 0.4 wà lọ́tùn-ún lósì. Ìsàlẹ̀, láàárín 87.5 sí 88.5, ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Àwọn nọ́ńbà òkè kún bámúbámú l'Ékòó. Bẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ wá nọ́ńbà méjì mẹ́ta tó ṣófo, kẹ́ ẹ fi wọ́n pamọ́ sórí bọ́tìnnì rédíò kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Ibi tí ọkọ̀ ti wá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Rédíò ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé, 87.9, 88.1, 88.3 ló ń fò bẹ́ẹ̀. Kò ní dúró lórí 88.2 láéláé. Ẹ lè ti wo Eko FM, tó wà lórí 89.75, tí rédíò yín ń kọ 89.7. Tí ẹ bá fi modulator sórí 88.2, ohùn á há, ẹ ó sì máa bú ẹni tó tà á fún yín. Ti Jàpáánù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: rédíò àtijọ́ wọn kì í kọjá 90, modulator sì rèé, láti 87.5 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àyè tóóró yẹn nìkan lẹ ní. Bí rewáyà bá sì ti so ẹ̀rọ tó ń fa àwọn nọ́ńbà òkè wá sísàlẹ̀ mọ́ ìdí éríà, nọ́ńbà ojú modulator lè má bá ti ojú rédíò mu mọ́.

Tí orin bá ń dún fínrín, ẹ gbé ohùn fóònù sókè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e dópin, torí á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Tí nǹkan bá ń ké wíínwíín, tí igbe rẹ̀ sì ń ga bí ẹ ṣe ń tẹ iná mọ́ ọkọ̀, iná alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná sínú bátìrì, ló gba inú wáyà wọlé, ẹ lọ rí rewáyà.

Èrò tèmi ni pé tí ọkọ̀ yín bá ní ihò AUX, èyí tí wọ́n ń ki wáyà fóònù sí, wáyà kékeré kan sàn ju modulator èyíkéyìí. FM kì í gbé ohùn tinrín tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 15,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà ò sì ní bá Splash jà lójú ọ̀nà. Kódà ọkọ̀ tó ṣì ń lo kásẹ́ẹ̀tì, kásẹ́ẹ̀tì oníwáyà tí wọ́n ń so mọ́ fóònù á ṣe dáadáa fún un.

Ohun kan tí àwọn tó ń tà á kì í sọ rèé. Bí ìpè bá wọlé nígbà tí Bluetooth modulator wà lára fóònù, ohùn ẹni tó pè yín náà á gba orí FM jáde. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọkọ̀ tó fẹ̀gbẹ́ kan yín, tó bá wà lórí nọ́ńbà kan náà, lè gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bánkì tàbí ọ̀rọ̀ ẹbí, ẹ páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ pa Bluetooth, kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn.