Kí Lọ́yà Tó Dé, Ẹ Má Fọwọ́ sí Ìwé Kankan

Gbogbo ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì mi ní Ìkòròdú nítorí ẹjọ́ ìpànìyàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: "Lọ́yà, ọmọ wa ò ní in lọ́kàn láti pa á." Mo gbọ́. Kí ló fi lù ú? Ibo ló ti bà á? Ohun tí adájọ́ máa wò nìyẹn, torí kò lè la àyà ẹnikẹ́ni wò.

Òfin ò ní dandan kéèyàn fẹ́ kí ẹnìkejì kú. Bó bá ti fẹ́ ṣe é léṣe tó lágbára, tí onítọ̀hún sì kú, ìpànìyàn ni, ikú sì ni ìdájọ́ rẹ̀. Ẹni tó gbá èèyàn létí kan ṣoṣo, tónítọ̀hún forí gbálẹ̀ tó kú, tirẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀wọ̀n ló ń já sí, kì í ṣe okùn.

Ìwé tẹ́ ẹ ń fọwọ́ sí ní téṣàn kẹ́ ẹ tó pè mí ló ń bí mi nínú. Abala 35 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 gbà kéèyàn dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà rẹ̀. Láàárín wákàtí 24, kí ọlọ́pàá kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un, lédè tó yé e. Bí kóòtù ò bá jìnnà ju kìlómítà 40 lọ, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Òfin Èkó tún ní kí wọ́n ya fídíò ìjẹ́wọ́, tàbí kí lọ́yà wà níbẹ̀. Ẹ ò béèrè ọ̀kankan. Ẹni tí wọ́n mú á ní: "Wọ́n ní tí mo bá kọ ọ́, wọ́n á fi mí sílẹ̀." Ó wá kọ ọ́ pé: "Inú bí mi, mo ní kí n ṣe é léṣe." Ohun tí ìjọba ń wá kiri gan-an, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ fún wọn!

Àwọn míì á kọ́kọ́ gbówó fún alágbàfọ̀rọ̀ tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà téṣàn, tí ò ka ìwé òfin rí, tàbí fún ẹni tó máa ṣe àforán, kí ẹnu olùpẹ̀jọ́ lè wọ́. Fáìlì ni adájọ́ ń kà.

Ẹ sì má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn jàǹdùkú nìkan ni mò ń sọ. Ní 2017, nígbà tí ẹ̀rù Badoo, ẹgbẹ́ òkùnkùn tó ń pa àwọn èèyàn nínú ilé wọn lóru, gba ìlú wa, àwọn èrò lu aláìṣẹ̀ pa. Apanilẹ́rìn-ín kan wà lára àwọn tí wọ́n lù pa. Àwọn kan ṣì ń sọ fún mi pé àdúgbò ló lù wọ́n, pé wọ́n rò pé Badoo ni wọ́n. Ẹni tó sọ òkúta, ẹni tó gbé táyà wá, ẹni tó sáré lọ ra bẹntiróòlù: apànìyàn ni òfin ń pe gbogbo wọn.