Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá wọn ṣa oògùn ibà

Ewúro, dóńgóyárò, awọ́pa: kò sí èyí tó ṣòroó rí lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n èròjà tó wà nínú ewé kan ṣoṣo pọ̀ lọ jàra. Láti máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan ní yàrá àyẹ̀wò, owó ńlá ni. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ ṣa wọ́n.

Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní DHFR wà lára kòkòrò ibà. Láìsí i, kòkòrò náà kò lè ṣe DNA, kò sì lè bí sí i. Pyrimethamine, oògùn tó wà nínú Fansidar tí wọ́n ń fún aláboyún, ihò kan lára DHFR yìí ló ń wọ̀ láti dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Àwòrán ibi tí átọ̀mù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà ń bẹ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Protein Data Bank, àkójọ àwòrán purotéènì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1971. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH lè gbà á sórí láptọ́ọ̀pù, kó gbé òun àti èròjà ewúro fún AutoDock Vina, ètò kọ̀ǹpútà tí kò gba kọ́bọ̀.

Vina á máa yí èròjà náà nínú ihò, bí ẹni ń yí fìlà títí tó fi jókòó sórí, á wá fún un ní máàkì. -9 sàn ju -5 lọ: bó bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ òdo tó ni wọ́n ṣe ń di ara wọn mú tó.

Kòkòrò náà kì í sì í dúró sójú kan. Ní ipò 108 lára DHFR, serine, ọ̀kan nínú àwọn ègé tí wọ́n fi to purotéènì, ló yẹ kó wà. Nínú àwọn kòkòrò tí pyrimethamine kò ràn mọ́, ègé mìíràn, asparagine, ti gba ipò yẹn. Ó fi díẹ̀ tóbi ju serine lọ, díẹ̀ yẹn náà ló ń kọlu oògùn níbi tí átọ̀mù chlorine rẹ̀ wà. Àwọn onímọ̀ ní Tàílándì wo ihò yìí dáadáa, wọ́n sì ṣe oògùn tuntun kan, P218, èyí tó rọ̀ tó lè yà fún asparagine náà. Wọ́n ti dán an wò lára ènìyàn.

Vina ń mú purotéènì bí ohun tó le gbagidi, bẹ́ẹ̀ nínú ara, mímì ló ń mì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ náà fún GROMACS, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó lè fi ọjọ́ púpọ̀ ṣírò ìrìn átọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá lọ, iṣẹ́ kò bàjẹ́: ìṣẹ́jú 15 sí 15 ló ń fi ibi tó dé pamọ́.

Ẹni tó bá fi máàkì Vina nìkan polówó àgbo, irọ́ ló ń pa. Vina kò mọ̀ bóyá èròjà náà á ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Èyí tó bá yege ni wọ́n ń fi kan kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò, lẹ́yìn náà eku, kó tó kan ènìyàn.