Ẹ̀jẹ̀ alángbá ò tutù o

Àwa tá a dàgbà nítòsí àpáta Olósùnta ní Ìkẹ̀rẹ́ mọ̀ pé tí ọyẹ́ bá mú, ẹ ò ní rí alángbá kankan láàárọ̀ kùtù. Ó dìgbà tí oòrùn bá kan òkúta kí wọ́n tó máa yọrí jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ́ ikùn sórí àpáta, gbọ̀ọ̀rọ̀, ọmọdé lè fọwọ́ mú wọn nígbà yẹn. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, ẹni tó bá lè lé e bá kó wá gbowó lọ́wọ́ mi.

Ohun tí tíṣà báyọ́lọ́jì ń pè ní ẹlẹ́jẹ̀ tútù nìyẹn, àmọ́ orúkọ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí alángbá tó bá ti yáàrùn yó, ara ẹ̀ lè gbóná bíi tèmi tìẹ. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni ibi tí ooru yẹn ti ń wá. Àwa, oúnjẹ tá a jẹ lara wa ń sun bí igi ìdáná, òun, ìta ló ti ń yá tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí ejò fi lè jẹun lẹ́ẹ̀kan kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Òkè gíga wá ńkọ́? Béèyàn bá gun 1,000 mítà, ooru á ti fi bíi dígírì 6 dín, òkè Ẹ̀fọ̀n tó ń mú mọ́tò mí hẹlẹhẹlẹ yẹn gan-an ò tíì tó 1,000 mítà o. Ní Tibet, ejò kan ń gbé níbi tó ju 4,000 mítà lọ, Thermophis baileyi lorúkọ ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ omi gbígbóná tó ń sun látinú ilẹ̀ ló ń fi ṣelé. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ, Ìkògòsì ló sọ sí mi lọ́kàn, ọpẹ́lọpẹ́ pé òtútù tiwa ò le tó bẹ́ẹ̀, ejò ì bá ti gba ibi tá a ti ń wẹ̀.

Ẹyin ni wàhálà kejì, torí ẹyin ò lẹ́sẹ̀ tó máa fi lọ yáàrùn. Alángbá kan náà wà ní Tibet yẹn tí kì í yé rárá, inú ìyá lọmọ ń wà títí á fi pé, ìyá á máa gbé wọn kiri inú oòrùn.

Nítòsí wa níbí, lórí òkè Nimba láàárín Guinea, Côte d'Ivoire àti Liberia, ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà tóun náà kì í yé, àmọ́ kì í ṣe tìtorí òtútù: ẹ̀ẹ̀rùn ló ń sá fún, ó máa ń wọlẹ̀ lọ pẹ̀lú oyún nínú tójò á fi padà dé, ìgbà yẹn ló máa wá bí ọ̀pọ̀lọ́ pípé, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, oṣù mẹ́sàn-án gbáko lóyún ẹ̀.