Tíṣà Kaprekar àti Àwọn Nọ́ńbà Tó Sọ Lórúkọ

Ọmọ tí wọ́n bá bí sójú ọ̀nà, Abíọ́nà là ń pè é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni D. R. Kaprekar ti Íńdíà ṣe fún nọ́ńbà. Ibùdókọ̀ ojú irin kan wà nítòsí Bombay tí wọ́n ń pè ní Demlo nígbà náà. Ibẹ̀ ni irú nọ́ńbà kan ti sọ sí i lọ́kàn, lára wọn ni 12321, tí í ṣe 111 lọ́nà 111. Ó sọ wọ́n ní nọ́ńbà Demlo.

Ìlú Dahanu ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1905. Ó kàwé ní Fergusson College ní Pune, ó sì gba ẹ̀bùn ìṣirò níbẹ̀ lọ́dún 1927. Láti 1930 títí di 1962, tíṣà ló ń ṣe ní Devlali. Torí pé kò gba oyè kún oyè, àwọn onímọ̀ kan nílé ka iṣẹ́ rẹ̀ sí eré ọmọdé. Ó dùn mí, nítorí ohun tó rí lọ́dún 1949 kì í ṣe eré rárá.

Mú nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́rin èyíkéyìí, bí ẹyọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá ṣáà ti jẹ́ ọ̀kan náà. Tò ó láti orí ẹyọ tó tóbi jù wá sórí èyí tó kéré jù, dà á sódì, kí o yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, tún ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọdún tí wọ́n bí i wò ó:

9510 − 0159 = 9351
9531 − 1359 = 8172
8721 − 1278 = 7443
7443 − 3447 = 3996
9963 − 3699 = 6264
6642 − 2466 = 4176
7641 − 1467 = 6174

Bí o bá tún ṣe é, 6174 náà ni yóò máa jáde. Kò sí èyí tó kọjá ìgbà méje kó tó débẹ̀. 1905 lo méjèèje tán!

Nọ́ńbà Kaprekar tún wà lọ́tọ̀. 45 lọ́nà 45 jẹ́ 2025. Gé e sí 20 àti 25, ro wọ́n pọ̀, 45 ló padà dà. Harshad ni ó pe àwọn bíi 18, tí àròpọ̀ ẹyọ wọn pín wọn láìṣẹ́kù. Ní èdè Sanskrit, afúnni-láyọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Fúnmiláyọ̀ kúkú ni.

Ọdún 1975 ni Martin Gardner, òǹkọ̀wé ìṣirò ará Amẹ́ríkà, kọ nípa Kaprekar nínú ìwé ìròyìn Scientific American, tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Kaprekar ti pé ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ọdún 1986 ló kú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn aláìlóbìí. Bí a bá ro 15 pọ̀ mọ́ ẹyọ rẹ̀, 1 àti 5, a ó rí 21. 15 ló bí 21 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló bí 20? Wá a títí, kò sí. Ìlú tó ti fi ọdún 32 kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni Kaprekar fi sọ irú wọn lórúkọ: nọ́ńbà Devlali.