Kí Ló Dé Tí Gbogbo Èèyàn Fi Ń Sọ Pé Rédíò Fì Sápá Kan Nígbà Ìbò?

Tí ìbò gómìnà bá ti ń sún mọ́lé, ẹ lọ dúró láàárọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ẹ máa rí àwọn tó ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láì rà á, tí rédíò kékeré á sì máa sọ̀rọ̀ lórí tábìlì fẹ́ńdọ̀. Ìròyìn á wọlé, kò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ: gómìnà ṣí ọ̀nà tuntun, ẹni tó fẹ́ gbapò lọ́wọ́ ẹ̀ náà kó èrò jọ ní Òkìtìpupa. Ẹnì kan á pòṣé, "Ẹ ò rí wọn, wọ́n ti gbowó, gómìnà ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ." Èyí tó ń ṣe páátì gómìnà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, àwọn tó kórìíra wa ló kún ilé iṣẹ́ yẹn, ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe sáré ka ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn kọjá?" Ìròyìn kan náà làwọn méjèèjì gbọ́ o.

Àwọn onímọ̀ ti dán irú nǹkan yìí wò. Ní 1985, Vallone, Ross àti Lepper ní Yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà fi ìròyìn tẹlifíṣọ̀n kan náà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìròyìn nípa àwọn èèyàn tí wọ́n pa nípakúpa ní Beirut, olú ìlú Lẹ́bánónì, ní 1982. Àwọn tó ń ṣe ti Ísírẹ́lì ní ìròyìn yẹn gbógun ti Ísírẹ́lì, àwọn tó ń ṣe ti Lárúbáwá ní rárá, Lárúbáwá ló gbógun tì. Ohun tó fà á ò le: ọ̀rọ̀ tó bá bá wa lára mu, òótọ́ la máa ń pè é, a kì í kà á sí pé wọ́n ṣe wá lóore, àmọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo tó bá gún wa, òun la máa gbé délé, òun la máa sọ fún ìyàwó, fún ará àdúgbò, títí tí á fi dà bíi pé òun nìkan ni wọ́n sọ.

Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má fìyẹn bò ó mọ́lẹ̀ pé etí olùgbọ́ nìkan ló ní ẹ̀bi, torí ojúsàájú gidi wà. Ẹ wo ẹni tó ni ilé iṣẹ́. OSRC, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó wà ní Oríta Obele, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ni ín, Positive FM jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, Adaba FM jẹ́ ti aládàáni. Níbikíbi lágbàáyé, òṣìṣẹ́ tó bá mọ ẹni tó ń san owó oṣù òun, kò dìgbà tí wọ́n bá pàṣẹ fún un kó tó mọ ìròyìn tó yẹ kó gbé síwájú. Gómìnà á ṣí ẹ̀rọ omi, ìròyìn nìyẹn, ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó máa pè é ní kánpéènì. Alátakò tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn òun, ó di kó ra àkókò. Òfin ètò ìdìbò tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022, abala 95, sọ pé kí ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba fún gbogbo páátì ní àkókò tó dọ́gba, ní wákàtí tó jọra, èyí tó bá sì rú u máa san mílíọ̀nù 2 náírà, tó bá tún ṣe é, mílíọ̀nù 5. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin yẹn náà ló ní kí wọ́n sanwó tó yẹ fún un, páátì kékeré tí ò lówó wá ń wò bọ̀ọ̀.

Ojúsàájú tó ń wọlé jù, inú ọ̀rọ̀ kéékèèké ló ń sá pamọ́ sí. Èrò "ya bo" pápá, àbí àwọn èèyàn "péjọ"? Ó "sọ" pé òun ò jalè, àbí ó "ń sẹ́"? Ti lágbájá, a gbọ́ ohùn òun fúnra ẹ̀, ti èkejì, àwọn ló bá a sọ ọ́. Ẹ tún wo ètò kíka ìwé ìròyìn lédè Yorùbá tí gbogbo wa fẹ́ràn láàárọ̀. Àkọlé lórí ìwé lè má ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á kà á, á dákẹ́ díẹ̀, á mí kanlẹ̀, á wá pa òwe lé e pé ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Arákálẹ̀ ò mọ ibi tí ìwé ìròyìn parí sí, kò mọ ibi tí ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa sọ pé "wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn". Èyí lágbára ju jíńgù ìpolówó lọ, torí ẹni tó gbọ́ jíńgù mọ̀ pé wọ́n sanwó fún un.

Ṣé ó wá ń yí ìbò padà? Díẹ̀ ni, àmọ́ díẹ̀ yẹn lè tó. DellaVigna àti Kaplan ṣèwádìí àwọn ìlú tí Fox News, tẹlifíṣọ̀n ìròyìn tó ń fì sọ́dọ̀ páátì Republican, wọ̀ l'Amẹ́ríkà láàárín 1996 sí 2000, wọ́n rí i pé ìbò páátì Republican fi bíi 0.4 sí 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i níbẹ̀. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ìbò 537 péré ni Bush, olùdíje Republican fún ipò ààrẹ, fi gba ìpínlẹ̀ Florida lọ́dún 2000 yẹn.

Lọ́dọ̀ wa, ibòmíì ló ti ń bà á jẹ́ jù. Ẹni tó bá ti gbà pé ìròyìn ti fì sápá kan, kì í sábà yí páátì padà, ìgbàgbọ́ ló ń yọ lára ẹ̀. Àwọn àgbà tó wà ní Àkúrẹ́ ní August 1983 ò tíì gbàgbé, nígbà tí wọ́n kéde pé Omoboriowo ló wọlé ìbò gómìnà, pé kì í ṣe Ajasin tó wà lórí oyè, àwọn aráàlú ò gbà á gbọ́, ìlú gbiná, ẹ̀mí ṣòfò, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Ajasin. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti gbé e bọ̀ pé ohun tí wọ́n bá kéde, ẹ ṣọ́ra fún un. Tòde òní ò gbiná, ìdákẹ́jẹ́ ni tiẹ̀: "wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Ní ìbò gómìnà November 2024, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Oǹdó lé ní mílíọ̀nù 2, àwọn tó jáde ò ju bíi ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Nǹkan púpọ̀ ló fà á, ríra ìbò ń bẹ níbẹ̀, àìgbàgbọ́ yìí náà ò gbẹ́yìn, ó sì dunni gan-an.

Ẹni tó bá sì ti pa rédíò tì, kì í ṣe pé kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, WhatsApp ló ń lọ. Voice note á wọlé láàárọ̀ ọjọ́ ìbò pé olùdíje báyìí ti juwọ́ sílẹ̀, ohùn ẹni tí wọn ò mọ̀, àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni ló fi ránṣẹ́, ó wá di òótọ́, ìyá tó ti wọṣọ tán pẹ̀lú káàdì ìdìbò lọ́wọ́ á padà jókòó. Rédíò tó fì sápá kan, èèyàn mọ ọ́fíìsì ẹ̀, ó lè lọ fẹjọ́ sùn. Ta ló fẹ́ fẹjọ́ voice note sùn, níbo?

Ọ̀nà kan wà téèyàn fi lè yẹ ìròyìn wò: kó pààrọ̀ orúkọ. Tó bá jẹ́ ẹni tirẹ̀ ni wọ́n sọ gbólóhùn yẹn fún, ṣé á ṣì bí i nínú? Tí kò bá ní bí i, á jẹ́ pé òun ló fì. Ti èsì ìbò tiẹ̀ tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé INEC ní kí wọ́n lẹ èsì mọ́ ara ògiri ní gbogbo ibùdó ìdìbò, Oǹdó sì ní 3,933. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni ka ohunkóhun lórí rédíò, ẹni tó bá dúró dìgbà tí wọ́n ka ìbò tán ti lè fi fóònù ya ìwé yẹn, kó wá gbé rédíò sétí lálẹ́, kó gbọ́ bóyá iye tí wọ́n ń pè bá tọwọ́ ẹ̀ mu.