Òyìnbó tó di ṣùkú: ṣé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, mo rí àwọn òyìnbó kan ní Ẹnuwá ní Ifẹ̀ tí wọ́n di ṣùkú, tí wọ́n wọ àdìrẹ. Inú mi dùn. Mo fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Amẹ́ríkà, ló bá ní wọ́n ń jí àṣà wa lò ni, pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ohun tójú kálukú yín rí ló ń sọ. Ní Ifẹ̀ níbí, ta ló máa lé ẹ níṣẹ́ torí pé o dirun? Lọ́dọ̀ àbúrò rẹ, wọ́n ń ṣe é. Ó le débi pé ní 2019, ìpínlẹ̀ California ṣòfin, òun sì ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ náà, pé kí iléeṣẹ́ àti iléèwé má torí irun dídì tàbí dàda fìyà jẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Irun yìí kan náà ni Kim Kardashian, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, dì ní 2018 tó pè é ní irun Bo Derek, ìyẹn òṣèré òyìnbó kan tó di irú ẹ̀ nínú fíìmù ní 1979. Obìnrin dúdú dì í, wọ́n ní kò bójú mu. Òyìnbó dì í, ó di fáàrí, wọ́n tún fún un lórúkọ òyìnbó. Kò ṣàìní bí ọmọ yẹn nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó lé obìnrin dúdú níṣẹ́ ni mo pè ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kì í ṣe gbogbo òyìnbó tó jókòó níwájú onídìrí.

Ìbéèrè: Ṣé fífi àṣà ẹlòmíì ṣe tẹni kò wá lè jẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà rárá ni?

Ìdáhùn: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Gbọ́ ti Leo Frobenius, ará Jámánì tó dé Ifẹ̀ níbí ní 1910. Ó rí Orí Olókun, ère orí kan tí wọ́n fi idẹ rọ, ẹwà rẹ̀ yà á lẹ́nu. Kí ló wá sọ? Pé ọwọ́ àwọn baba ńlá wa kọ́ ló ṣe é, pé àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ kan láti Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn tí wọ́n ní òkun gbé mì, ló ni ín. Ó yin iṣẹ́, ó pa oníṣẹ́ rẹ́. Kò fi ohunkóhun wa ṣe tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, síbẹ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà pọ́nńbélé ni. (Ti àwọn ère amọ̀ tó kó lọ sí Jámánì, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.) Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, hú àwọn orí idẹ mìíràn jáde. Lónìí, gbogbo onímọ̀ gidi ló gbà pé Ifẹ̀ ni wọ́n ti rọ wọ́n.

Ti Damien Hirst, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní 2017, ó gbé orí obìnrin aláwọ̀ wúrà kan síbi àfihàn ní Venice, tó jọ orí Ifẹ̀ bí ìbejì. Victor Ehikhamenor, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, figbe ta pé tó bá yá, Hirst ni aráyé yóò máa rò pé ó dá àrà náà. Lóòótọ́, wọ́n dárúkọ Ifẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àfihàn náà, àmọ́ mélòó nínú òǹwòran ló ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ìrẹ́jẹ ni mo ka ìyẹn sí. Pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, mi ò lè búra.

Ìbéèrè: Àwa náà tí à ń wọ léèsì àti àǹkárá ńkọ́?

Ìdáhùn: O bi mí re! Púpọ̀ nínú léèsì tí à ń fi ṣe aṣọ ẹbí, Austria ni wọ́n ti ń ṣe é ránṣẹ́ sí wa láti àwọn ọdún 1960. Ní ti àǹkárá, àwọn ará Netherlands ló fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé bàtíìkì àwọn ará Java ní Indonesia, tí wọ́n sì wá rí ọjà rẹ̀ tà nílẹ̀ Áfíríkà. Bí ẹnikẹ́ni bá máa pe ẹjọ́, àwọn ará Java ni, kì í sì í ṣe àwa ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́.

Ìbéèrè: Ohun tó jẹ́ ti orò àti oyè ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìyẹn kò wo àwọ̀ ara. Adé ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe fìlà àríyá. Ọmọ Ìrẹmọ, àdúgbò wa kan ní Ifẹ̀ níbí, tó bá dé e lọ síbi ìgbéyàwó jẹ̀bi ju òyìnbó lọ, torí òun mọ̀. Tí ẹni tó ni nǹkan bá sì fi lé àlejò lọ́wọ́, kí ni tẹlòmíì níbẹ̀? Adefunmi, ọmọ Amẹ́ríkà tó tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina, kò fi ara rẹ̀ joyè lásán: Ọọ̀ni Ṣíjúwadé ló ṣe ìwúyè fún un ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1981.