Míúọ̀nù: Orúkọ Tí Àṣìmọ̀ Bí

Ẹni tó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lọ́jà Ọba ní Adó-Èkìtì, kó tó ṣẹ́jú bíi mélòó kan, míúọ̀nù ti gba inú ọwọ́ náà kọjá. Èérún tíntìntín ni, ojú kò lè rí i, kì í sì í dunni. Ojú sánmà ló ti ń wá: prótọ́nù, ọ̀kan nínú èérún tó wà láàárín átọ́mù, a máa wá láti òfuurufú jíjìn, a sì máa kọlu átọ́mù inú afẹ́fẹ́, níbi tó ga tó nǹkan bíi kìlómítà 15, ìkọlù náà ló ń bí i.

Orúkọ rẹ̀ ní ìtàn tó lọ́jú pọ̀. Ní 1935, Hideki Yukawa, onímọ̀ físíìsì ará Japan, sọ pé ó yẹ kí èérún kan wà tí kì í jẹ́ kí àárín átọ́mù tú ká, tí yóò wúwo tó ẹ̀lẹ́ktrọ́nù (èérún fífúyẹ́ tó ń yí àárín átọ́mù ká) bíi 200. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Carl Anderson àti Seth Neddermeyer rí èérún kan ní California tí ìwúwo rẹ̀ sún mọ́ iye yẹn gan-an. Ta ni kò ní sọ pé òun náà nìyí? Wọ́n pè é ní mésótrọ́nù, ìyẹn nínú èdè Gíríìkì, "ti àárín", torí pé ó wúwo ju ẹ̀lẹ́ktrọ́nù lọ, kò sì tó prótọ́nù. Nígbà tó yá, ó di mésọ́nù.

Àmọ́ àlejò tí wọ́n pa adìyẹ fún kọ́ ni wọ́n ń retí. Èérún ti Yukawa gbọ́dọ̀ máa wọnú àárín átọ́mù ní kíá. Ní Róòmù, Conversi, Pancini àti Piccioni dá mésótrọ́nù dúró sínú kábọ́nù, púpọ̀ nínú wọn kò wọlé. Wọ́n kàn tú dànù síbẹ̀ ni. Ní 1947, ikọ̀ Cecil Powell ní Bristol rí èyí tí Yukawa wí gan-an. Wọ́n fi lẹ́tà Gíríìkì "páì" pè é, èyí tó ń jáde lára rẹ̀ bó bá tú sì di "míù". Èérún tí Anderson àti Neddermeyer kọ́kọ́ rí ni míù yìí.

Nígbà tí a wá mọ̀ pé kúáàkì, èérún tó tún kéré sí i, ló pilẹ̀ gbogbo mésọ́nù, míù kò sí nínú ẹbí wọn mọ́. Míù-mésọ́nù ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀; wọ́n yọ mésọ́nù kúrò lórúkọ rẹ̀, ó ku míúọ̀nù. Ẹ̀lẹ́ktrọ́nù tó wúwo ní ìlọ́po 207 ni, ká kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Isidor Rabi, onímọ̀ físíìsì, bèèrè pé ta ló ní kí wọ́n gbé èyí wá.

Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn: ìdá 2.2 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, kò ní rìn ju nǹkan bíi mítà 660 lọ kó tó pòórá. Ṣùgbọ́n eré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, àkókò rẹ̀ sì ń falẹ̀ lójú tiwa, gẹ́gẹ́ bí Einstein ti wí. Ìdí nìyẹn tó fi ń dé ilẹ̀.

Àpáta kì í dá gbogbo wọn dúró, ó kàn ń dín iye wọn kù ni. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi rí àyè ńlá kan tó pamọ́ nínú píráḿíìdì Khufu ní Íjíbítì ní 2017. Bí ihò bá wà nínú àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀rọ tí a bá gbé sí ìdí rẹ̀ yóò ka míúọ̀nù tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ láti apá ibi tí ihò náà wà.